Àpẹẹrẹ wo ló lè la y = kx àti y = kx + c yé ọmọ SS2?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò. Direct variation (y = kx, níbi tí y ÷ x kì í yí padà) ló há mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ SS2 l'Ádó-Èkìtì níbí.

Kóńgò ìrẹsì Ìgbẹmọ 2, 3 àti 5 jẹ́ ₦4,000, ₦6,000 àti ₦10,000. Wọ́n fi iye kóńgò (x) pín owó (y), k jẹ́ 2,000 jálẹ̀. Ìyẹn ò le. Àmọ́ tí mo bá fi ₦500 owó ọ̀kadà (c) kún un, tó di 4,500, 6,500 àti 10,500, direct variation náà ni wọ́n ṣì ń pè é, torí pé méjèèjì jọ ń pọ̀ sí i. Ti kóńgò 2 nìkan ni wọ́n ń pín: k di 2,250, kóńgò 5 wá di ₦11,250. Ó fi ₦750 lé!

Mo ní kí wọ́n pín gbogbo rẹ̀: 2,250, bíi 2,167, 2,100. Wọ́n ní ó kàn sún mọ́ra ni. Mo ya gíráàfù, wọn ò wo ibi tí ìlà ti gé y. Mo bi wọ́n pé tí x bá jẹ́ 0 ńkọ́? Wọ́n ní ta ni yóò gun ọ̀kadà lọ sọ́jà láìra nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, àpẹẹrẹ ojoojúmọ́ wo lẹ mọ̀ tí owó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí x jẹ́ 0, tí ọmọdé ò ní lè jiyàn rẹ̀?