4,294,967,297: kí ló dé tó fi ń ṣẹ́ ku 2?

Wúràọlá
Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Alẹ́ kẹta rèé tí èmi àti 4,294,967,297 ti jọ ń wọ̀yá ìjà. Bí ẹ bá ṣírò 2³², tí ẹ fi 1 lé e, òun nìyẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá práìmù ni, ìyẹn nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ ni mo fi ń pín in nínú ìwé. Mo fi 3 pín in, ó ṣẹ́ ku 2. Mo fi 5 pín in, 2. 7 fún mi ní 5, 11 náà 5, 13 fún mi ní 10. Mo dé orí 17, 2 tún ni! Nígbà tí mo dé 257, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún un ṣe, mo rò pé mo ti ṣì í: 2 náà ni. Kí ló fà á? Ṣé práìmù ni àbí kì í ṣe é?

Tísà Àgbà
Wúràọlá, inú mi dùn pé ọwọ́ lo fi pín in. Ẹbí kan náà ni 3, 5, 17 àti 257. Mú 3, yọ 1, fi èyí tó kù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí o dá 1 náà padà: 5 nìyẹn. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún 5, o ó rí 17. 17 á bí 257, 257 á bí 65,537, òun ló sì bí tìrẹ.

Wàyí o, 3 × 5 × 17 × 257 × 65,537 = 4,294,967,295. Wò ó, 2 péré ló fi dín sí tìrẹ! Ibẹ̀ ni 2 tó ń dà ọ́ láàmú ti wá.

Práìmù ni márààrún, Fermat, onímọ̀ ìṣirò àtijọ́ kan, sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé wọn yóò rí. Ní 1732, Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi hàn pé 641 pín tìrẹ dọ́gba: 641 × 6,700,417.

Alákọsílẹ̀
Ẹ lè rí i láì pín ohunkóhun, ó sì dùn mọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. 641 jẹ́ 640 + 1, ó tún jẹ́ 5⁴ + 2⁴. 640 sì rèé, 5 × 2⁷ ni. Ẹ fi 2²⁸ sọ 5⁴ + 2⁴ di púpọ̀, ẹ ó rí 640⁴ + 2³². 641 pín ìyẹn. 641 tún pín 640⁴ − 1, torí (640 + 1) × (640 − 1) × (640² + 1) ni. Ẹ yọ èyí kúrò nínú ti àkọ́kọ́: 2³² + 1 ló kù!

Wúràọlá
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé mi. Ó mà dára o! Ṣùgbọ́n Tísà, báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé 641 ni kí òun dán wò?

Tísà Àgbà
Práìmù yòówù tó bá máa pín nọ́ńbà yìí, bí o bá fi 128 pín práìmù náà, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Láti 2 dé 641, 257 àti 641 nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. O sì ti dán 257 wò. Ẹyọ kan ló kù fún ọ.

Wúràọlá
Ẹyọ kan! Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo ti lo òfin yín fún 6,700,417. Bí kì í bá ṣe práìmù, ó gbọ́dọ̀ ní práìmù kan tí kò ju 2,588 lọ tó pín in (torí 2,589 × 2,589 ti ju ú lọ), 257, 641, 769, 1,153 àti 1,409 nìkan sì ni òfin yẹn gbà. Mo fi gbogbo wọn pín in: 170, 44, 120, 334, 622 ló ṣẹ́ kù. Práìmù ni.