Quicksilver kì í ṣe fàdákà asáré

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ̀ọ̀dá wa tó ní ká pe quicksilver (mákúrì, irin olómi inú tẹmómítà àtijọ́) ní "fàdákà asáré", ká sì pe quicksand (yanrìn olómi tó ń ri ẹsẹ̀ èèyàn mọ́lẹ̀) ní "yanrìn asáré" torí pé quick túmọ̀ sí kíá, mo gbọ́ yín, àmọ́ mi ò gbà, ẹ má bínú. Quick tó wà níbẹ̀ yẹn ò sáré lọ síbì kankan. Cwic ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ohun tó wà láàyè ló sì jẹ́. Ẹ ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 10:42, "quick and dead" lẹ máa bá níbẹ̀, ẹ wá wo ti Yorùbá, ààyè àti òkú ni wọ́n fi sí i, wọn ò sọ pé Jésù ń bọ̀ wá dájọ́ àwọn tó ń kánjú. Kódà tí ọlẹ̀ bá kọ́kọ́ sọ nínú aboyún, quickening ni wọ́n ń pè é.

Quicksilver fúnra ẹ̀, látinú èdè Látìn ni wọ́n ti tú u, argentum vivum, fàdákà ààyè. Ẹni tí tẹmómítà àtijọ́ bá ti fọ́ mọ́ lọ́wọ́ rí mọ ìdí ẹ̀: ó á fọ́n ká bí ìlẹ̀kẹ̀, á máa yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, méjì á pàdé, wọ́n á di ẹyọ kan, bí ẹni pé ó lẹ́mìí. (Ẹ má fọwọ́ kó o o, májèlé ni.)

Látorí ààyè yẹn ni quick ti wá bọ́ sórí kíá, ibi tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé Yorùbá náà rìn ní ọ̀nà yẹn. Ẹni tó ṣàìsàn tó wá gbádùn, a ní ara ẹ̀ ti yá, ẹni tó ń fi nǹkan falẹ̀, a ní "ó yá, ó yá!", èmi ò sì rò pé yára fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí yá àti ara.

Fast náà ńkọ́? Ohun tó dúró ṣinṣin tí ò mì ni fæst nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìyẹn la fi ní fasten àti fast asleep, òun náà ló wà nínú 1 Tẹsalóníkà 5:21, "hold fast", di èyí tó dára mú ṣinṣin. Báwo wá ni ohun tí ò kúrò lójú kan ṣe di eré sísá? Ipasẹ̀ líle ló gbà, eré tó le, eré àsápajúdé. Ẹ wo màmá tó ń pariwo "múra!" lé ọmọ tó ti pẹ́ fún ilé ìwé lórí, mú ara ló sọ, ẹsẹ̀ lọmọ ọ̀hún sì máa gbé. Speed ní tiẹ̀, oríire àti àṣeyọrí ni tẹ́lẹ̀, Godspeed tí wọ́n fi ń súre fún arìnrìn-àjò ò sọ pé kí Ọlọ́run lé ẹnikẹ́ni léré.

Àwọn tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni soon, anon, presently àti by and by. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó di "tó bá yá". Nínú Máàkù 6:25 ti 1611 yẹn, ọmọ Hẹrodíà ní kí wọ́n fún òun ní orí Jòhánù "by and by", ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì òde òní kà á á rò pé ọmọ náà ní sùúrù, pé tó bá yá ló wí, bẹ́ẹ̀ ìsinsìnyí gan-an ló ń fẹ́ ẹ! Ìfònídónìí èèyàn ló ba àwọn ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́, àbí kí ni ká ti wí nípa "mò ń bọ̀" tiwa, tẹ́ni tó ń sọ ọ́ ti kẹ̀yìn síni tó ń lọ.

Tèmi ni pé ká mú "fàdákà ààyè", ó bá Látìn mu ó sì bá ojú mu. Ti quicksand, mo kọ́kọ́ fẹ́ dábàá "yanrìn agbénimì" àmọ́ irọ́ fíìmù nìyẹn, yanrìn tómi rin gbingbin yẹn wúwo ju ara èèyàn lọ, ìbàdí ló sábà máa ń mọ, dídì ló ń dini lẹ́sẹ̀ mú, téèyàn bá sì ń jà ràpàràpà ó á tún rì sí i. "Yanrìn adinimú" ni mo fọwọ́ sí.