Àbọ̀ ọ̀rọ̀ pálẹ́ẹ̀tì Àpápá: ó ti yanjú

Ẹ kú ìdáhùn o, ẹ̀yin ará. Mo béèrè nígbà yẹn bóyá a lè fi pálẹ́ẹ̀tì onígi, ìyẹn pèpéle pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, tó bá ẹrù wá láti òkè òkun kan nǹkan, tàbí ká fi dáná. Ibi tó já sí nìyí.

Òǹtẹ̀ ara igi ni ká kọ́kọ́ wò. Ìlànà àgbáyé ISPM 15, tí wọ́n fi ń dènà kòkòrò ajẹgi, ló mú un wá. Bí ẹ bá rí HT, ooru ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀: inú igi náà gbóná dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30. MB ńkọ́? Gáàsì methyl bromide ni, májèlé gidi. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá, tàbí tí epo tàbí kẹ́míkà ti ta sí, mo kà á mọ́ MB.

Àwọn HT ni káfíńtà fi kan bẹ́ǹṣì àti pẹpẹ ìkówèé fún wa. Ẹ má fi agbára fa ìṣó wọn yọ, pákó á là. Bíléèdì ayùn irin ni kí ẹ fi gé ìṣó náà láàárín pákó méjèèjì. Ẹ fi nǹkan bo imú bí ẹ bá ń fi sáńpépà ha pákó náà.

Àwọn pálẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù sábà máa ń jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń fi wọ́n háyà, nítorí náà mo dá wọn padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi MB dáná, pàápàá ẹ̀yin tó ń yan ẹja. Mo kó tèmi fún àwọn akólẹ̀, mo sì sọ ohun tó jẹ́ fún wọn. Àwọn onírin àlòkù ló ra ìṣó.