Yìnyín àti sólà: ta ló mọ ọ̀nà àbáyọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọba-Ilé nílùú Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí kó yìnyín wá, ó tó èkùrọ́. Páànù alumíníọ̀mù 0.45 mm tó wà lórí ilé wa ti tẹ̀ káàkiri, àmọ́ kò jò. Sólà ni wàhálà. Gíláàsì ọ̀kan fọ́ wẹ́wẹ́. Mẹ́ta yòókù ń dán, kò sí àpá kankan lára wọn, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n ń mú wá ti dínkù.

Mo ti nù wọ́n, mo ti yẹ wáyà wò, pàbó. Mo ta nẹ́ẹ̀tì onírin lé wọn lórí, òjìji rẹ̀ tún jẹ nínú iná. Tapólì ńkọ́? Atẹ́gùn gbé e dé ilé aládùúgbò, ẹ má rẹ́rìn-ín. Oníṣẹ́ sólà ní kí n sáà ra tuntun. Owó dà?

Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń fi yìnyín 25 mm dán sólà wò lábẹ́ IEC 61215, ìlànà àgbáyé fún ìdánwò sólà, ìyẹn ò sì yọ mí.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá mẹ́ta yìí ti sán nínú? Bí mo bá sì tún nẹ́ẹ̀tì ta, báwo ni ihò rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, báwo ló sì ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí gíláàsì tó?