Wi-Fi kò yọjú lẹ́yìn tí mo fi Debian sórí kọ̀ǹpútà mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè, Lágeré, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan, mo sì fi Debian 12 (irú Linux kan tí a lè fi rọ́pò Windows) sórí rẹ̀ láti orí fíláàṣì, nítorí pé Windows tó bá a wá ń wọ́ bí ìgbín. Nígbà tí iṣẹ́ náà dé ibi tí ó ti yẹ kí ó wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò rí Wi-Fi kankan; mo fò ó kọjá, mo sì parí ìyókù, ṣùgbọ́n títí di òní, kò sí àmì Wi-Fi lójú rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé láti Debian 12, tó jáde ní 2023, ni wọ́n ti ń kó àwọn firmware tí a kò ṣí ìdí wọn payá pọ̀ mọ́ ọn. Kí ló wá fà á? Mi ò ní okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì nílé, iná àdúgbò wa kì í sì í pẹ́ kó tó lọ, nítorí náà mi ò fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lásán.

Ará Mọdákẹ́kẹ́:
Ẹ ra Wi-Fi kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB, kí ẹ sinmi.

Ará Iléṣà:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn kékeré yẹn náà ń béèrè driver tiwọn. Ẹ kọ́kọ́ ṣí terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), kí ẹ tẹ lspci -nn, kí ẹ wo ìlà tí Network controller wà. Nọ́ńbà tó wà ní ìparí rẹ̀ ni kí ẹ kọ ránṣẹ́; apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ló ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù Wi-Fi náà: 14e4 ni Broadcom, 10ec ni Realtek, 8086 ni Intel.

Olùbéèrè:
Broadcom BCM43142 ni, 14e4:4365.

Ará Iléṣà:
Mo fura bẹ́ẹ̀. Firmware ni ìtọ́ni tí ṣíìpù fúnra rẹ̀ ń lò, àmọ́ driver ni ògbufọ̀ láàárín òun àti kernel (ọkàn Linux), ògbufọ̀ yìí gan-an ni kò sí nílé. Orúkọ rẹ̀ ni wl, inú broadcom-sta-dkms ló wà, abala non-free ni wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí, èyí tí Debian kì í ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ fi okùn so fóònù yín mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tan USB tethering, kí kọ̀ǹpútà lè lo íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù náà. Kernel mọ ìyẹn láìsí driver mìíràn. Nínú /etc/apt/sources.list, ẹ fi # síwájú ìlà cdrom, kí ẹ sì kọ èyí (bookworm ni orúkọ Debian 12):

deb http://deb.debian.org/debian bookworm main non-free non-free-firmware

Lẹ́yìn náà, ẹ di root (alákòóso kọ̀ǹpútà), kí ẹ tẹ apt update, kí ẹ sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú apt install linux-headers-amd64 broadcom-sta-dkms. Ẹ má gbàgbé headers o. Láìsí i, kò sí ohun tí DKMS (ètò tó ń kọ́ driver fún kernel) yóò fi kọ́ wl.

Olùbéèrè:
Mo ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ modprobe wl láti gbé driver náà dìde, ó dáhùn pé Key was rejected by service.

Ará Ilé-Ifẹ̀, Parakin:
Àbúrò, Secure Boot (ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tí kọ̀ǹpútà ń gbé dìde wò) ló ń lé e padà, nítorí pé kò mọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Àwọn kan yóò ní kí ẹ pa á nínú BIOS. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ tẹ mokutil --import /var/lib/dkms/mok.pub, kí ẹ yan ọ̀rọ̀ aṣínà kan, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Ojú aláwọ̀ búlúù kan yóò yọ, kì í sì í dúró pẹ́, nítorí náà kí ọwọ́ yín ti wà lórí bọ́tìnì: ẹ yan Enroll MOK (ìforúkọsílẹ̀ kọ́kọ́rọ́ tí a fi fọwọ́ sí wl), kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà náà.

Olùbéèrè:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni! Wi-Fi ni mo fi ń kọ èyí. Ṣé n óò tún un ṣe bí kernel bá yí padà?

Ará Iléṣà:
Rárá. linux-headers-amd64 yóò máa bá kernel tuntun wá, DKMS yóò sì máa tún wl kọ́ fúnra rẹ̀.