Nínú Animal Farm, ta ni Lenin?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Àbúrò mi obìnrin tó ń múra ìdánwò lórí Animal Farm, ìwé tí George Orwell fi ìtàn àwọn ẹranko oko sọ ìtàn ìyípadà ìjọba Rọ́ṣíà, ló bi mí léèrè lálẹ́ àná, ẹnu mi sì wọhò. Mo ti ṣàlàyé pé Napoleon, ẹlẹ́dẹ̀ tó di ọ̀gá, ni Stalin tó ṣàkóso Rọ́ṣíà, Snowball, ẹlẹ́dẹ̀ kejì, ni Trotsky, abánidíje rẹ̀ tí wọ́n lé kúrò nílùú ní 1929, Boxer ẹṣin sì ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń forí ṣe fọrùn ṣe. Old Major, ẹlẹ́dẹ̀ àgbà tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣọ̀tẹ̀, ni Marx, onímọ̀ tí èrò rẹ̀ bí ìjọba Kọ́múníìsì. Ó wá ní, "Bùrọ̀dá, Lenin tó ṣíwájú ìyípadà náà ńkọ́?" Mo ní kó lọ sùn.

Ìdáhùn 1
Ẹ má lé ọmọ lọ sùn mọ́ o! Inú Old Major náà ni Lenin wà. Ṣé ẹ rántí pé wọ́n hú agbárí rẹ̀, wọ́n gbé e ka orí kùkùté igi, tí àwọn ẹranko ń tò kọjá níwájú rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀? Òkú Lenin tí wọ́n tẹ́ sí Moscow láti 1924 nìyẹn.

Ìdáhùn 2
Òótọ́ ni, àmọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ibi tí àwọn ọ̀tá ti fi ẹ̀tù fọ́ ọlọ afẹ́fẹ́ àwọn ẹranko. Orwell kọ́kọ́ kọ ọ́ pé gbogbo ẹranko, títí kan Napoleon, ló dojú bolẹ̀. Kí ìwé tó jáde ní 1945, ó yí i padà: gbogbo wọn àyàfi Napoleon. Ó ní kí òun má rẹ́ Stalin jẹ, torí kò sá kúrò ní Moscow nígbà tí ọmọ ogun Jámánì ń bọ̀. Ẹ wo ẹni tó ń búni tó ṣì ń lo òṣùwọ̀n!

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti lọ jí i. Ó ní ta wá ni ológbò?