Oko àwọn ìyá wa létí òkun: kí ni ojú yín ti rí?

Ọmọ Ìlàjẹ, Kubwa: Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará wa ní Àbújá. Ọjọ́ Sátidé ni mo dé láti ilé. Ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi gbìn ti jẹrà nínú ilẹ̀, nítorí omi iyọ̀ ti wọ oko wọn. Mo fa ọ̀kan tu, ó sì rọ̀ lọ́wọ́ mi bí ọṣẹ tó sùn sínú omi. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń dáko létí òkun, kí ni ojú yín ti rí?

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí, owó púpurú ni màmá mi fi rán mi níwèé. Wọn yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́rin, wọn yóò fún omi rẹ̀ dànù, wọn yóò mọ ọ́n roboto, wọn yóò sì tò ó sórí àjà iná títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Èéfín yẹn wà lójú màmá mi fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí bàbá mi kú, kò tíì pé ọdún kan tí ẹbí fi sọ pé opó kò ní ìpín nínú ilẹ̀ ẹbí, wọ́n sì gba oko náà pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ tó wà lórí rẹ̀.

Àbúrò, Mararaba: Pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ orí rẹ̀! Ó dùn mí dé egungun.

Alàgbà, Gwagwalada: Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì. Ní àṣà tiwa, ọmọ ni ó ń jogún bàbá, ìbáà ṣe ìdí-igi ni wọ́n fi pín in, ìyẹn ní iye ìyàwó, tàbí orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye ọmọ. Ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ẹ̀yin ọmọ ni ó yẹ kí ẹ gba ìpín yín, kí màmá máa dáko níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: A béèrè, Alàgbà. Obìnrin mẹ́ta ni wá, wọ́n sì ní kí a lọ máa jẹ ti ilé ọkọ wa.

Ìyàwó Bàdágìrì, Zuba: Ohun tí wọ́n sọ fún àwa náà nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n ni igi àgbọn. Ìyá ọkọ mi yóò ra èso rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, yóò rin ín, yóò se é di òróró, èrè rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Agbẹjọ́rò, Wuse: Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé àṣà tó bá fi ogún bàbá du ọmọ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin kò bá òfin orílẹ̀-èdè mu. Láti ilẹ̀ Ìgbò ni àṣà tí ẹjọ́ náà dá lé ti wá, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo wa. Ti Ọmọ Ìlàjẹ ni ó le jù: Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ní kí ìjọba san owó irè oko bí ó bá gba ilẹ̀. Òkun kì í ṣe ìjọba, kò sí ẹni tí a lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Alàgbà, Gwagwalada: Òkun nìkan kọ́. Odò tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo rọ̀bì ni ó ṣí ọ̀nà fún omi iyọ̀ wọ ìhà Àwòyè ní ilẹ̀ Ìlàjẹ.

Ọmọ Ìlàjẹ, Kubwa: Òótọ́ ni, Alàgbà, ṣùgbọ́n òkun fúnra rẹ̀ ń jẹ ilẹ̀. Ayétòrò tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ ti wà nínú omi.

Àbúrò, Mararaba: Ní 2022 tí omi dí ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ẹja yíyan tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ránṣẹ́ láti Igbókọ̀dá bu sínú ọkọ̀. Owó àjọ ni ó fi rà á, ó sì san án padà tán.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Ọmọ Ìlàjẹ, kí ni màmá yóò wá ṣe báyìí?

Ọmọ Ìlàjẹ, Kubwa: A ti rí ilẹ̀ kan lọ́nà Òkìtìpupa, ìṣákọ́lẹ̀ ọdún kan ni wọ́n ní kí a kọ́kọ́ san. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ màmá fúnra wọn sínú ìwé, kì í ṣe tèmi.

Agbẹjọ́rò, Wuse: Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i.